Eegun Tí Wọ́n Ní Kí N Má Fọ̀

Gbogbo ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa bá jókòó tì mí lẹ́yìn ìsìn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Mummy, iṣẹ́ wo lẹ ṣe nílùú yìí kẹ́ ẹ tó retire?" Wọ́n ti ń retí kí n ní arúgbó ni mo tọ́jú tàbí ọ́fíìsì ni mo gbá, torí iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe nìyẹn, ọkàn wọn ò sì balẹ̀ sí i. Bí mo bá wá dáhùn pé eegun òkú ni mo fọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àwọn kan á bú sẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á rọra fa àga wọn sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì fa àga yín sẹ́yìn ni mo ń kọ èyí sí.

Ìyá Tóyìn ni gbogbo èèyàn mọ̀ mí sí ní Woolwich. Ìlá ni wọ́n bí mi sí, inú àwọn ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì Barnfield níbí ni mo sì ti darúgbó, lókè pátápátá, níbi tí àtẹ̀gùn ti ń fi ojú mi rí màbo báyìí. Ọkọ mi wa bọ́ọ̀sì títí ó fi lọ sinmi. Èmi gba iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Thamesmead, létí omi. Owó tí wọ́n ń san ò tó fọ́nnu, ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ohun tí wọ́n ń kó síbẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́ ilé tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn awalẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wa ilẹ̀ náà wò bóyá ohun àtijọ́ wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá wú jáde, àwo fífọ́, ìkòkò tábà, bàtà, eegun ẹran, eegun èèyàn, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀, nínú àpò, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára.

Ọ̀gá tó wà nídìí fífọ nǹkan wọ̀nyẹn ni Maureen, òyìnbó obìnrin kúkurú kan tí irun ẹ̀ funfun, tí kì í rẹ́rìn-ín kí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń bá a fọ nǹkan ò wá. Ó dúró, ó ń wo bí mo ṣe ń nu ilẹ̀.

"Ṣé o máa ń nu abẹ́ tábìlì, àbí ibi tí ojú bá tó nìkan?"

"Abẹ́ tábìlì ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, Ma."

"Èmi kì í ṣe Ma ẹnikẹ́ni. Maureen lorúkọ mi. Wá jókòó síbí."

Ó gbà mí tó ọdún méjì kí n tó lè pe obìnrin tó tó bí mi lórúkọ lásán. Títí dòní, tí mo bá ń ronú nípa ẹ̀, Ma ni mo ń pè é nínú ọkàn mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé fífọ nǹkan ò nílò ẹ̀kọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi fọ àwo fífọ́ kí Maureen tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan eegun. Báfù omi méjì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àtẹ tí a tẹ́ ìwé ìròyìn sí. Omi ò gbọdọ̀ gbóná jù. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ le. Èèyàn ò sì gbọdọ̀ da omi nù láìjẹ́ pé ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ báfù, kó fi ìka wá gbogbo ibẹ̀ wò, torí ohun tó kéré jù ló máa ń rì. Mo gbàgbé òfin yìí lẹ́ẹ̀kan péré. Mo da omi sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, Maureen ka ìlẹ̀kẹ̀ tó yẹ kó wà lórí àtẹ, ó rí i pé ọ̀kan dín. Kò pariwo. Ó gbé asẹ́ fún mi, ó ní kí n lọ kó ẹrẹ̀ gọ́tà náà, kí n sẹ́ ẹ. Ọjọ́ méjì ni mo fi kúnlẹ̀ nínú òtútù, tí mo ń sẹ́ ẹrẹ̀, tí mo ń sunkún, tí mo sì ń bú u ní Yorùbá. Nígbà tí mo rí ìlẹ̀kẹ̀ náà, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó nù ún, ó wò ó títí.

"Ẹnì kan ló wọ èyí sọ́rùn," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dúpẹ́.

Eegun ló kàn. Ó kọ́ mi pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni eegun tó wà nínú ẹsẹ̀ kan. Á da ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, á fi ìborùn ẹ̀ dì mí lójú, á ní kí n fi ọwọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí mo bá ṣì í, a ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ojú lè tàn ọ́ jẹ," ló máa ń sọ, "àmọ́ tí ọwọ́ ẹ bá ti mọ nǹkan, ó ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn." Mo bínú sí i nígbà yẹn. Ní báyìí mo mọ̀ pé lẹ́yìn ìyá mi, kò sí ẹni tó tọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé agbárí dání, Sáàmù ni mo ń kà nínú títí mo fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di iṣẹ́. Nílé wa, a kì í sin èèyàn láìwẹ̀ ẹ́, ojú yẹn ni mo sì fi wo iṣẹ́ náà: àwọn tí kò rẹ́ni wẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo wá ń wẹ̀ wọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Mo máa ń kí wọn láàárọ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ káàárọ̀ mà." Tóyìn ọmọ mi wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó gbọ́.

"Mummy, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ò ń dẹ́rù bà mí, I swear."

"Àwọn tí mò ń kí yìí ò rí mi fín tó bó o ṣe ń rí mi fín yìí," ni mo dá a lóhùn, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Òkú ò ṣe mí ní nǹkan kan rí. Àfi ọ̀kan ṣoṣo.

Kí ìyẹn tó dé, iṣẹ́ ti yí padà. Maureen fẹ̀yìn tì, kò sì pẹ́ tó fi kú. Daniel ló gba ipò ẹ̀, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó kàwé gan-an. Nígbà ayé Maureen, ìkọ̀wé ẹlẹ́nu ṣóńṣó la fi ń kọ nọ́ńbà sára eegun, a ó sì fi ọ̀dà èékánná bò ó kó má baà parẹ́. Daniel kó gbogbo ìyẹn dànù. Ó di sítíkà onílà tí ẹ̀rọ ń kà. Ìbọ̀wọ́ dé, ìbomú dé. Èyí tó dùn mí jù ni sítíkà pupa. Àpótí tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́, a ò gbọdọ̀ fi omi kan ohun tó wà nínú ẹ̀, a ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn án, torí àwọn tó wà ní yàrá àyẹ̀wò lè lu ihò sínú eyín òkú kí wọ́n sì mọ ìdílé tó ti wá. Omi wa àti ọwọ́ wa ló lè ba ìyẹn jẹ́. Mo gbọ́, mo sì tẹ̀ lé e. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo ń lò. Ṣùgbọ́n kò jọ iṣẹ́ lójú mi.

Ọkùnrin tí mo ń sọ yìí wá láti etí odò ní Woolwich, ní Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn ọba láyé ìjọ́un, tí ilé gogoro kún báyìí. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ irin wà lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì ẹ̀. Àwọn eegun ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sì ká mọ́ bọ́tìnnì kan, bí ìgbà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Daniel pè wá jọ, ó ṣàlàyé fún wa.

Ó ní nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jagun láti gba òmìnira, àwọn ọ̀gá ogun ọba kéde pé ẹrú tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ olówó ẹ̀ tó jẹ́ ọlọ̀tẹ̀, tó sì wá sọ́dọ̀ àwọn, ó ti dòmìnira. Àwọn èèyàn dúdú sá wá, wọ́n jà, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n fọṣọ ọmọ ogun. Ọba pàdánù ogun náà. Ọkọ̀ kó àwọn kan lọ sínú òtútù Kánádà, ó kó àwọn mìíràn wá sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń ṣagbe káàkiri ìgboro. Ogun yẹn kan náà ló dí ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó ẹlẹ́wọ̀n ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Ni wọ́n bá ń tì wọ́n mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi gbígbó tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níwájú Woolwich. Tílẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á kó wọn wá sí èbúté láti wa ẹrẹ̀. Ẹni tó bá kú, inú àbàtà ibẹ̀ ni wọ́n ń bò ó mọ́.

"Bọ́tìnnì ọmọ ogun tó jà ní Amẹ́ríkà nìyí," ni Daniel wí. "Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n nìyí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni méjèèjì, agbárí ẹ̀ sì jọ ti èèyàn dúdú." Ó lẹ sítíkà pupa mọ́ àpótí náà.

Ìròyìn yìí jáde nínú ìwé ìròyìn àdúgbò, òun ló sì gbé Auntie Abigail wá bá wa. Ọmọ Freetown ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì ń gbé ní South Thamesmead, nínú àwọn ilé oníkọnkéré àtijọ́ tó sún mọ́ Abbey Wood. Òun àti ọkọ ẹ̀ ti gbé Yaba rí fún ọdún púpọ̀, Yorùbá ẹ̀ sì já gaara ju ti Tóyìn lọ. Ó fi ọ̀pá rìn wọlé, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ olówùú tó nípọn nínú ooru oṣù keje.

"Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa láti kékeré ni pé Grandpa Moses wa sá kúrò lóko ẹrú ní America," ló wí. "Ó jà fún British, wọ́n gbé e wá sí London. He stole a coat. Kóòtù kan péré, nítorí òtútù. Wọ́n gbé e lọ sínú ship ní Woolwich. Ìyàwó ẹ̀ dúró, dúró, kò dé. Ni òun àti ọmọ bá wọ ọkọ̀ tó ń kó àwọn èèyàn dúdú lọ tẹ Freetown dó. Títí tó fi kú, ojoojúmọ́ ló ń gbé plate kalẹ̀ fún un lórí tábìlì, kó má bàa dé kó má bá oúnjẹ. Ìyá mi gbé plate yẹn kalẹ̀. Èmi náà ń gbé e kalẹ̀. Dókítà ti ní ọkàn mi ò ní pẹ́ dáwọ́ dúró. I just want to know, kí n tó lọ, bóyá kí n gbé plate yẹn kúrò."

Daniel gba itọ́ ẹnu ẹ̀ sínú ìgò kékeré kan. Ó ní wọ́n á fi wé eyín ọkùnrin náà, àmọ́ ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí eyín tó lọ, torí òun ń lọ fún ìsinmi.

Ní Monday tó tẹ̀ lé e ni omi bẹ̀rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ilẹ̀ tutù lábẹ́ àpótí ọkùnrin náà. Mo wo òrùlé, kò jò. Mo ṣí àpótí, àwọn eegun náà tutù rinrin, wọ́n sì ń rùn bí etí odò Woolwich nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Mo nu ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó ilé ní afẹ́fẹ́ ló ń di omi, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, agolo ẹ̀ ń kún kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé omi ilẹ̀ yẹn kì í dúró sójú kan. Ọwọ́ òsì àpótí ló ti ń wá, tóóró báyìí, ojú ibi tí àga mi wà ló sì kọ sí. Lọ́jọ́ Wednesday, kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì sí àga mi mọ́. Ní Friday, mo débi iṣẹ́, mo bá a lábẹ́ àga gan-an.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Sunday, a kúnlẹ̀ nínú àdúrà, àbẹ́là ń jó, Ìyá Aríran wa sì dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó wá dúró síwájú mi. Kò mọ nǹkan kan nípa àpótí.

"Mummy Tóyìn, ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn yín. Omi ń kán lára ẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn lẹ̀ ń wẹ̀, kí ló dé tẹ́ ò wẹ òun?"

Mi ò lè bojú wẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ òfin. Mo mọ plate tó wà lórí tábìlì Auntie Abigail. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ara mi jà. Ní Thursday, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, tí oòrùn sì ń ràn wọ inú ilé, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Mo fi kẹ́tùlù se omi, mo fi omi ìyàsímímọ́ tí mo gbé wá láti ṣọ́ọ̀ṣì là á, mo kán lọ́fínńdà díẹ̀ sí i, mo já búrọ́ọ̀ṣì tuntun.

"Ẹ má bínú sà," mo sọ fún un. "Mo pẹ́ kí n tó dé."

Orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń ṣe nílé. Mo fọ eyín ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fọ ọwọ́ tó di bọ́tìnnì mú. Kẹ́tùlù ti dákẹ́ tipẹ́, síbẹ̀ mò ń gbọ́ èémí kan, tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè láti inú omi. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ẹ̀ wà nínú àpò tirẹ̀ lórí pẹpẹ, ó dún lẹ́ẹ̀kan. Mi ò dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ òsì ló kẹ́yìn, amọ̀ ṣì dì í pa. Nígbà tí amọ̀ yọ́, mo rí i pé eegun tó gbé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù ró là sí méjì lórí, bí igi kànnàkànnà. Kí n tó da omi nù, mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ báfù bí Maureen ṣe kọ́ mi, mo sì rí eegun kéékèèké méjì sí i. Mo to ẹsẹ̀ náà. Ó pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, méjì sì ṣẹ́ kù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí nílé ti mọ ohun tí mo rí. Ọmọ tó bá wáyé pẹ̀lú ìka mẹ́fà, Olúgbódi ni, ó gbé orúkọ ẹ̀ wá látọ̀run. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo kí i pé, "Ẹ kú ewu, Olúgbódi," mo kó eegun ẹsẹ̀ sínú àpò, mo kọ "ẹsẹ̀ òsì" sí i. Ní Friday, ilẹ̀ gbẹ. Agolo ẹ̀rọ ṣófo. Omi yẹn ò padà wá mọ́.

Daniel dé láti ibi ìsinmi, ó wo àwọn eegun náà. "Lovely job," ló sọ. Ó rò pé búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi ṣe é, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn burú ju omi lọ. Ó fi eyín ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, èsì dé: wọn ò rí nǹkan kan kà. Omi ti wọnú eyín, ọwọ́ ẹni tó wà láàyè sì ti pọ̀ jù lára wọn. Daniel ní bóyá òjò ló pa á lójú kòtò, bóyá àwọn awalẹ̀ ló fọwọ́ kàn án. Ó kọ̀wé sí Auntie Abigail pé kó máa bínú, kò sí bí àwọn ṣe lè mọ̀. Mo lọ sílé ìgbẹ́, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ru ẹrù yẹn. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí South Thamesmead. Auntie Abigail fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó ti rù. Plate náà wà lórí tábìlì lóòótọ́, funfun, tòun ti ṣíbí kan. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lé àpótí ìtìsẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Auntie, èmi ni mo bà á jẹ́. Wọ́n ní ká má fi omi kàn án. Mo wẹ̀ ẹ́."

Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi.

"O wẹ̀ ẹ́? With your hands? Láìsí gloves?"

"Ọwọ́ mi lásán, mà."

"Omi tútù?"

"Rárá, mà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ó yíjú sí fèrèsé. "Mo bínú sí ẹ. I won't lie to you. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí n tó lọ, o ti gbà á lọ́wọ́ mi." Mo dojú bolẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "Àmọ́ ẹnì kan ti wẹ̀ ẹ́. Òun ni o, òun kọ́ o, ọmọ ẹnì kan ni. Ó dáa. Tí mo bá lọ, ìwọ ni kó o wá wẹ̀ mí. Má jẹ̀ẹ́ kí àlejò fi gloves fọwọ́ kàn mí."

Mo ṣèlérí. Nígbà tí mo dìde, mo fẹ́ bá a palẹ̀ mọ́, ọwọ́ mi sì lọ síbi plate náà.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ló wí. "A ò tíì mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ fún Daniel. Kò bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, ó tọ́ sí mi, oṣù díẹ̀ sí i ni mo sì fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ yìí, tí ọ̀gá yín bá ní ẹ má fi omi kan nǹkan, ẹ má fi omi kàn án. Mo sọ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Mi ò sì lè sọ fún yín pé tó bá tún kàn mí, mi ò ní se omi.

Inú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọmọ àbúrò Auntie Abigail pè mí. "Ma, she's gone. Lójú oorun ni. She said you'd know what to do." Mo kí i kú ara-fẹ́ra-kù. Ó wá ní nǹkan kan ń ya òun lẹ́nu. "That plate of hers? Kò sí lórí table nígbà tí mo dé. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti gbé e sínú cupboard. Auntie ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé yìí."

Ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́yìn lẹ́tà Daniel, kò sí ẹni tó mú èsì kankan wá fún Auntie Abigail.

Ilé àwọn asìnkú tí wọ́n gbé Auntie lọ wà lẹ́yìn Powis Street, ní Woolwich. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ nínú yàrá mímọ́ kan, ọ̀sán gangan ni. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ tó fún mi. Mo bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo wẹ orí ẹ̀, mo wẹ ojú ẹ̀, mo wẹ ọwọ́ àti ẹ̀yìn. Wọn ò tíì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀. Mo bọ́ ọ. Mo gbé báfù sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, mo wẹ ọ̀tún. Nígbà tí mo dé òsì, ojú mi ti dì nínú àdúrà, omijé sì wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kà á. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ẹ̀fà.

Mo lajú. Ọmọ-ìka kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kẹ́yìn, pẹ̀lú èékánná tirẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ yìí, nínú ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀, ní South Thamesmead. Mo ti sọ fún un nípa omi, nípa ọwọ́ mi, nípa ẹ̀bi mi. Mi ò sọ fún un nípa ìka mẹ́fà, torí ohun tí mo bàjẹ́ ló gba gbogbo inú mi. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí. Ì bá ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ fún mi níbẹ̀, àwa méjèèjì ì bá sì ti mọ̀.

Mo dìde, mo nu àárín ìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé báfù láti da omi ẹ̀ nù, mo sì rántí, mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú, kúnná, ó kún ìka mi, ó sì ń rùn bí etí odò Woolwich nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Orí ibùsùn ẹ̀, nínú aṣọ funfun, ni obìnrin yìí ti kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí ẹ̀ láti sọ fún un pé Grandpa Moses ni, pé òun ni mo wẹ̀. Mo wo ojú ẹ̀, bó ṣe balẹ̀ tó. Mo rántí plate tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti gbọ́ ṣáájú mi.